Epo Ló Gbé Sólà Dé Orí Òrùlé Wa

Ọmọkùnrin tó ń gẹrun fún mi n'Ìbàdàn kì í jẹ́ kí n tètè jókòó nígbà kan. Ó ní láti kọ́kọ́ yọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kó fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní "I better pass my neighbour", lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó tó dáhùn. Bó bá dáhùn tán, a ò ní gbọ́ rédíò mọ́, èéfín á sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Ní báyìí, pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì ló wà lórí òrùlé rẹ̀, bátìrì sì wà lábẹ́ tábìlì. Mo bi í bóyá èéfín ló sú u. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń sọ ti èéfín? Owó epo ni o."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà di 500 ó lé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, yúníìtì iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ, fò láti 68 náírà sí 225. Nígbà tó fi di 2025, Nàìjíríà ti di ìkejì South Africa láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń ra pánẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ Ṣáínà jù lọ.

Bẹ́ẹ̀, ojúgbà ni sólà àti epo tiwa. Ní 1954, ní Bell Laboratories ní ìpínlẹ̀ New Jersey l'Amẹ́ríkà, ni Chapin, Fuller àti Pearson ti fi sílíkónì ṣe sólà tó kọ́kọ́ wúlò. Bí oòrùn bá fún un ní 100, bíi 6 ni í sọ di iná. Ọdún 1956 ni Shell-BP kan epo ní Oloibiri. Ní 1958, àwọn méjèèjì rin ìrìn àjò: epo wa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ òkè òkun, sólà wọ sátẹ́láìtì Vanguard 1 lọ ojú ọ̀run. Epo padà wá pẹ̀lú owó. Sólà kò rí ẹni gbé e wálẹ̀, ó ti wọ́n jù. Ìgbà tí Jámánì ṣòfin ní 2000 tó fi owó gidi sí iná oòrùn, tí Ṣáínà sì wá ń tẹ pánẹ́ẹ̀lì jáde bí ẹni ń gé búlọ́ọ̀kù, ni owó rẹ̀ tó wálẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ní Denmark, òun ló ń pèsè ohun tó lé ní ìdajì iná wọn. Níbí, 37 ni òpó afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbìn sí Lambar Rimi ní Katsina, gbogbo wọn pọ̀ kò ju bíi mẹ́gáwáàtì 10 lọ. Ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbin nìkan l'Ékòó, tó ń lo gáàsì, 1,320 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní oṣù kejìlá 2012, àwọn agbébọn jí onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Lambar Rimi gbé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kì í ṣe ti àwọn agbébọn nìkan, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́: bí eré rẹ̀ bá dín sí ìdajì, agbára rẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ aṣọ lórí okùn n'Ìbàdàn kò lè yí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Sólà ló kù, bátìrì sì ni ìṣòro rẹ̀. Èèyàn lè fi 1,000 náírà ra epo tí yóò lò lónìí, kó sì di ọ̀la. Oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ owó ọdún mẹ́wàá ni ẹni tó bá fẹ́ gbà á máa san lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí tálákà fi ń fa okùn. Èmi náà jẹ nínú ìyà bátìrì yìí: bátìrì tí wọ́n tà fún mi gẹ́gẹ́ bíi tuntun kò lè gbé fáànù kan di ọ̀gànjọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí oníṣẹ́ bó ìwé ara rẹ̀, ìwé mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti ṣá.

Bí bátìrì bá kú pàápàá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì tán. Ní Ògíjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò wò, òjé sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn, tọmọdé tàgbà. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò ní òjé, ó sì ń pẹ́ ju bátìrì òjé lọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè iye rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, sólà ni màá mú. Àwọn ìdílé tó sùn ti jẹnẹrétọ̀ tí wọn ò jí mọ́ ti pọ̀ jù fún mi.

Ọmọkùnrin tó ń gẹrun fún mi kò ta jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Nínú òjò oṣù keje, lọ́jọ́ kẹta tí oòrùn ò ti yọjú, orí mi ṣì ku apá kan nígbà tí ẹ̀rọ ìgẹrun bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ó wo bátìrì. Ó pa fáànù. Ó pa rédíò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó sì yọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ tó ń fa okùn.