Wíwá Àpáta tí Ẹsẹ̀ Ènìyàn Kì í Sábà Dé

Bí wọ́n bá ní kí a dárúkọ àpáta, ẹnu wa kì í sábà kọjá Olúmọ, Òkè Ìdànrè àti Zuma. Wọ́n tó ohun tí à ń dárúkọ lóòótọ́. Zuma wà lẹ́yìn owó ₦100 tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 1999, àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun àpáta, pẹ̀lú okùn ní ìbàdí, kò ní ohun púpọ̀ láti ṣe níbi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àlejò. Àpáta tirẹ̀ wà lẹ́yìn oko ọkà bàbà kan, níbi tí ọkọ̀ kò dé. Bí a ṣe ń wá irú rẹ̀ rí, àti ohun tí ó lè pa ènìyàn níbẹ̀, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ má ṣe rò pé eré òyìnbó lásán ni. Gbogbo wa ni a mọ àwọn Man O' War tí wọ́n máa ń sáré kọrin láàárọ̀. Orúkọ yẹn wá láti Man O' War Bay ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aṣáájú sílẹ̀ ní ọdún 1951. Nígbà tí apá ibẹ̀ kúrò lára Nàìjíríà ní ọdún 1961, ilé ẹ̀kọ́ náà kó wá sílé, wọ́n sì fi ẹ̀ka tí ó jẹ mọ́ òkè gígùn sí Shere Hills nítòsí Jọ́ọ̀sì. Àwọn baba wa pàápàá ti ń gun àpáta tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun ni ó gbé wọn gorí rẹ̀. Ìtàn Ẹ̀gbá lábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830 kò ṣàjèjì sí wa, bẹ́ẹ̀ ni ti Òkèbàdàn tí àwọn ará Ìbàdàn ń bọ lọ́dọọdún. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé àpáta tí a bá bá lófìfo lónìí lè jẹ́ ìlú ẹlòmíràn láyé àtijọ́. N ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni àwọn àpáta wọ̀nyí gan-an? Ará Jámánì kan, Wilhelm Bornhardt, ni ó fún wọn lórúkọ inselberg ní ọdún 1900, lẹ́yìn ìrìn-àjò rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni òkè tí ó dà bí erékùṣù, nítorí pé ó dá dúró láàrin pẹ̀tẹ́lẹ̀. Gíránáìtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tí ó tutù tí ó sì le nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 600 sẹ́yìn. Àwọn kan ní agbègbè Jọ́ọ̀sì kéré lọ́jọ́ orí sí i dáadáa. Nígbà tí òjò àti afẹ́fẹ́ kó ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúyẹ́, àpáta náà wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí rẹ̀ fi rí rìbìtì, tí ara rẹ̀ sì ń dán.

Agùnkè gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ kọ́ nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ibi ìdìmú kò pọ̀ lára irú àpáta bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rọ́bà ni ó ń di ènìyàn mú, kì í ṣe agbára apá. Èkejì, tí ó sì léwu jù, ni èèpo yẹn. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gùn, àwọn tí ó ṣáájú ti já àwọn èèpo tí kò dúró dáadáa bọ́ sílẹ̀. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò dé rí, gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbá wọn mú. Ẹ fi ìkúùkù kàn án kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ó bá dún gbì, ó ṣeé ṣe kí ó ní gbòǹgbò. Bí ó bá dún bí ìlù, inú rẹ̀ ṣófo, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ má sì ṣe dúró tààrà sábẹ́ ẹni tí ó ń gùn, kódà bí ó bá dé akoto.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń rí wọn? Mo fẹ́ràn máàpù ju ohunkóhun lọ. Àwọn máàpù 1:50,000 tí ilé iṣẹ́ awọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ yà ní ìlà tí ó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí wọn sì jẹ́ kìlómítà 1 lórí ilẹ̀. Níbi tí àwọn ìlà náà bá ti fún mọ́ra títí tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹyọ kan, ogiri àpáta wà níbẹ̀. Ogiri kékeré, bíi mítà 10, lè bọ́ sáàrin ìlà méjì kí ó má hàn rárá, bẹ́ẹ̀ ó tó gùn dáadáa. Orúkọ pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mo dàgbà sí Jọ́ọ̀sì, mo gbọ́ “dutse” kí n tó gbọ́ “àpáta”, mo sì ti rí i pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin Dutsin-Ma tiwọn àti Òkè-èyí Òkè-ọ̀hún tiwa: ẹni tí ó sọ ìlú lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti rí òkè kí ó tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo àwòrán sátẹ́láìtì lórí fóònù. Àpáta máa ń hàn níbẹ̀ bí orí apárí láàrin ewéko, òjìji gígùn sì jẹ́ àmì ogiri tí ó ga. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a yà láti òkè kò lè sọ bóyá ogiri náà lè tàbí ó ti rà.

Ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Bí ẹ bá bi ọmọ abúlé pé níbo ni àpáta tí ó dára wà, ibi tí wọ́n ń mú àlejò lọ ni yóò júwe. Ẹ bi Fúlàní darandaran pé níbo ni ewúrẹ́ rẹ̀ kò lè gùn. Ìdáhùn rẹ̀ yóò yàtọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan àpáta náà, ẹ lọ kí onílẹ̀, ìbáà jẹ́ Mai Unguwa ní ìhín tàbí Baálẹ̀ nílé. Ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe láìfi nǹkan kan pamọ́, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ àjèjì tí wọ́n gbé okùn àti irin lọ sórí òkè lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni lóde òní. Ní ọdún 2014 nígbà tí Boko Haram gba Gwoza, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ará ìlú sá lọ. Àwọn òkè mìíràn sì ti di ibùba àwọn ajínigbé. Bí ará ibẹ̀ bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bí ó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ nǹkan. Ní Birnin Kudu, ìpínlẹ̀ Jigawa, àwòrán màlúù ti àtijọ́ wà lára àpáta, àwọn òkúta tí wọ́n máa ń lù bí agogo sì wà níbẹ̀, èyí tí Bernard Fagg kọ nípa wọn ní ọdún 1956. Irú rẹ̀ lè wà níbi tí kò sí ọ̀mọ̀wé kankan tí ó tíì dé. Bí ẹ bá rí àwòrán, ìkòkò fífọ́ tàbí ojú ọlọ lára òkúta, kò sí gígùn níbẹ̀ mọ́. Ti Wase náà yàtọ̀: ẹnu òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ni àpáta gàgàrà yẹn, àwọn ẹyẹ òfú sì ń yé sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. (Ti Aso Rock ní Àbújá, sọ́jà ni yóò ṣàlàyé fún yín.)

Ẹ̀rù oyin bà mí ju ti ejò lọ. Ejò lè sá fún ariwo, ṣùgbọ́n oyin tí ó wà nínú pàlàpálá àpáta a máa yọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹni tí ó sì so kọ́ lórí okùn kò lè sáré. Ẹ jókòó sísàlẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí nígbà tí oòrùn bá ti ta sí ogiri náà, kí ẹ máa wo bóyá oyin ń wọlé ń jáde. Bí ẹ bá rí i, ẹ wá ibòmíràn, ẹ má sì fi lọ́fínńdà sára lọ síbẹ̀. Àkókò ọyẹ́ ni ó dára jù, láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì. Àwọn ilà dúdú tí ó ṣàn wálẹ̀ lára àpáta jẹ́ ohun abẹ̀mí, wọ́n a sì máa yọ̀ bí ilá bí òjò bá kàn wọ́n. Mànàmáná náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ó wà lórí òkúta borokoto.

Fún ibi tí a kò mọ̀, n kò gbà pé kí ẹnikẹ́ni máa gbé okùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ gba ẹ̀yìn lọ, nítorí apá kan sábà máa ń dagun díẹ̀díẹ̀, kí ẹ so okùn mọ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lókè: igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa, tàbí òkúta ńlá tí ènìyàn mẹ́ta kò lè mì. Ẹ fi àpò ìrẹsì àtijọ́ tẹ́ etí àpáta kí ó má baà gé okùn. Okùn mítà 60 tí a ṣẹ́ po kò lè kọjá ogiri mítà 30. Okùn agùnkè tí ó máa ń nà ni kí ẹ lò. Okùn kànga àti èyí tí a fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀ kì í nà bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá já bọ́, gbogbo ìjágbà náà yóò bọ́ sí ìbàdí rẹ̀ àti sí ibi tí a so okùn mọ́.

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn agùnkè: ṣé kí a sọ ibi tí a rí fún gbogbo ayé, àbí kí a pa ẹnu mọ́? Bí a bá sọ ọ́, ọ̀dà àti ike omi yóò dé. Bí a kò bá sì sọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn afọ́kùúta bá gbé dínámáìtì dé. Ní tèmi, kí àwọn onílẹ̀ ni kí ó pinnu. Bí wọ́n bá ní kí a sọ, a ó sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ orúkọ abúlé náà, orúkọ ẹni tí ẹ ó kí níbẹ̀ àti wákàtí tí ẹ ó dé sínú ìwé, kí ẹ fi í sọ́wọ́ ẹni tí kò bá yín lọ.