Tìróò Ojú Ọmọ Wa àti Òjé Inú Rẹ̀



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, nídìí tábìlì ìlera tí a máa ń tẹ́ síwájú mọ́ṣáláṣí wa ní Tejuoso, ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́ta wá nítorí ikọ́. Ojú ọmọ la kọ́kọ́ wò: tìróò ti yí i ká. Nígbà tí a ní kí wọ́n má lé e fún un mọ́, wọ́n ní: “Ẹ̀yin dókítà, ṣé súnnà Ànábì lẹ ń kọ̀ fún wa yìí?” (Apòògùn ni wá o, àwọn èèyàn ló ń pè wá bẹ́ẹ̀.) Ìbéèrè gidi ni.

Gbogbo ohun tí Ọlọ́hun dá tí a lè fọwọ́ kàn, èròjà tín-ín-tìn-ìn tí à ń pè ní átọ́ọ̀mù ló para pọ̀ dì í. Ti irin yàtọ̀, ti òjé yàtọ̀. Bí a bá pín ìwúwo ara èèyàn sí 100, nǹkan bí 96 ló jẹ́ ọ́síjìn, kábọ́ọ̀nù, háídrójìn àti náítírójìn. Ìyókù kéré, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù ló ń mú eegun le, irin ló sì ń bá ẹ̀jẹ̀ gbé atẹ́gùn. Átọ́ọ̀mù a máa di ara wọn mú. Omi àlùwàlá wa, háídrójìn méjì ló di ọ́síjìn kan mú. Irú ìdè bẹ́ẹ̀ ṣeé tú, ó ṣeé tún so. Iṣẹ́ tí ikùn ń ṣe sí oúnjẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í yí padà nínú ìkòkò. Ẹ gún òjé, ẹ yan án, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, òjé náà ni.

Òkúta dúdú dídán tí wọ́n ń lọ̀ ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ làálì àti túràrí lọ́jà, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òjé kan tó di imí-ọjọ́ kan mú. Ithmid tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yìn, ántímónì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí. Èròjà mìíràn pátápátá ni, bí àwọ̀ wọn tilẹ̀ jọra. Kì í ṣe súnnà la kọ̀, ohun tí wọ́n rọ sínú ìgò la kọ̀. A ò sì ní kí ẹ lọ wá ántímónì fún ọmọ ọwọ́ o.

Omi lásán kì í tètè tú ìdè òjé àti imí-ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á ki ọwọ́ bọ ẹnu, omi kíkan inú ikùn á sì tú u. Òjé tó bọ́ sílẹ̀ á wá máa ṣe bí kálísíọ̀mù, ara á sì ṣílẹ̀kùn fún un. Á wọ ọpọlọ, á wọ eegun, á sì lè jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọmọbìnrin náà yóò fi lóyún tí yóò tún tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ó tún ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà lè máa ṣeré kí ẹnikẹ́ni má fura, ó di ilé ìwé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un.

Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà. Wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò: 82.6 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Òjé yìí kan náà, láti inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ wá wúrà, ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara, ọ̀ràn tó hàn síta ní 2010.

Bí ẹ bá ti ń lé tìróò fún ọmọ, ẹ sọ fún dókítà ní ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé. Ẹ má ra oògùn kankan fún un, kódà lọ́wọ́ wa. Èyí tó bá ti ń jẹun, ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a lọ̀ teegun-teegun: níbi tí irin àti kálísíọ̀mù bá kún, òjé kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé.

Tìróò tó kù nílé ńkọ́? Ẹ má sun ún, inú eérú ni òjé rẹ̀ yóò wà. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e jìnnà sọ́mọ. Ilẹ̀ tó bá dà sí, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a.