Ta ni yóò sanwó àwọn tó ń kí àlejò káàbọ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde?

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, èrò máa ń wọ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun nítorí Ojúde Ọba. Àwọn ìdílé Balógun yóò gẹṣin, àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọn yóò sì jó lọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀. Lẹ́yìn tí àwòrán ayẹyẹ ọdún 2024 gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ ìlú náà rí pàápàá ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kan olótẹ́ẹ̀lì, olóúnjẹ, aláṣọ òkè àti oníkámẹ́rà ni pé: èló nínú owó tí àlejò gbé wá ló ń kù sílùú? Àlejò tó dé láàárọ̀ tó sì padà sí Èkó nírọ̀lẹ́ kò sanwó yàrá, bóyá ló sì jẹun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tí kò rí ibi gbé mọ́tò sí, tí ọlọ́kadà sì gba ìlọ́po mẹ́ta owó lọ́wọ́ rẹ̀, lè má padà wá mọ́.

Ohun tí àwọn ìlú mìíràn ń ṣe sí irú ìṣòro yìí ni pé wọ́n ń kó àwọn ọmọ ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn jọ láti máa pàdé àlejò, kí wọ́n fọ̀nà hàn wọ́n, kí wọ́n sì sọ ìtàn ìlú fún wọn. Ní New York, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lynn Brooks dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1992, ó pè é ní Big Apple Greeter. Àlejò kì í sanwó, ẹni tó mú un káàkiri kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn owó. Owó táwọn ilé iṣẹ́, àwọn ẹlẹ́yinjú àánú àti ìjọba dá ni wọ́n fi ń ṣe é. Chicago àti Paris náà ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ọ̀fẹ́ kọ́ ni ọ̀fẹ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé nígbà tó jẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, kò ní í náni lówó. Ẹni tó dúró sínú oòrùn látàárọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, ó sì gbọ́dọ̀ wọkọ̀ délé. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní èèyàn 40 ni yóò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 3, tí oúnjẹ àti owó ọkọ̀ jẹ́ N4,000 lójúmọ́ fún ẹnì kan: N480,000 nìyẹn. Aṣọ ìdánimọ̀ ní N5,000 jẹ́ N200,000. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé àfọwọ́há tó ní àwòrán ọ̀nà, N150,000. Owó ìpè, N60,000. Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, N30,000. Kí N80,000 wà nílẹ̀ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà.

Bí ṣọ́ọ̀bù 50 bá dá N10,000, tí òtẹ́ẹ̀lì 5 dá N60,000, tí ilé iṣẹ́ ńlá kan sì fi N200,000 kún un, ó pé.

Kí ló dé tó fi ṣòro?

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Globacom àti FCMB ti ń ná owó lórí Ojúde Ọba láti ọdún púpọ̀. Àmọ́ ibi tí kámẹ́rà wà ni olówó ńlá ń fẹ́ kí orúkọ òun hàn sí. Ẹni tó dúró sí ìdíkọ̀ láti fọ̀nà han àlejò kì í hàn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn oníṣòwò kéékèèké, tí èrè rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ló yẹ kó kọ́kọ́ dìde.

Ìṣòro tiwọn ni pé ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ náà yóò jẹ nínú rẹ̀. Bí àlejò bá wọ̀lú, kò sẹ́ni tó lè ní kó má ya ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí kò sanwó. Bí gbogbo èèyàn bá wá ń wo ẹnì kejì, ètò náà ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹni tó sanwó nìkan ní orúkọ nínú ìwé àfọwọ́há, kó sì gba àmì tí yóò lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí owó kò gbọdọ̀ rà. Ẹni tó ń kí àlejò kò gbọdọ̀ gba kọmíṣàn lọ́wọ́ olótẹ́ẹ̀lì kankan. Ọjọ́ tó bá gbà á ló ti di kúlẹ̀kúlẹ̀ ìdíkọ̀, àlejò kò sì ní í fọkàn tán an mọ́.

Àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ náà

Àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń dá owó aṣọ àti ti ayẹyẹ láàárín ara wọn, nítorí náà ọ̀nà ìdáwó kò ṣàjèjì sí wọn. Àwọn agùnbánirọ̀ máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní fásitì Tai Solarin ní Ìjagun.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe pàtàkì. Kì í ṣe Ojúde Ọba nìkan ni Ìjẹ̀bú ní. Erédò Súngbọ̀, yàrà àti odi àtijọ́ tó gùn ju kìlómítà 160 lọ, wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé láti ọdún 1995. Ojúbọ Bílíkísù Súngbọ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí nítòsí. Àlejò tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú, ìyẹn sì ni owó yàrá, oúnjẹ alẹ́ àti oúnjẹ àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń júwe ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé obìnrin kì í wọ ojúbọ náà, kó sọ ọ́ kí tọkọtaya tó sanwó ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Bí owó kò ṣe ní í dìjà

Kí ẹgbẹ́ ṣí àkáǹtì báńkì sí orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe orúkọ alága, kí èèyàn mẹ́ta máa buwọ́ lù ú. Kí wọ́n já rìsíìtì fún gbogbo ẹni tó dáwó, kí wọ́n sì lẹ ìṣirò owó mọ́ gbangba láàárín oṣù kan lẹ́yìn ọdún. Bí wọ́n bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, kí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC.

Kí olótẹ́ẹ̀lì kọ iye yàrá tó kún lọ́dún yìí àti èyí tó kún lọ́dún tó kọjá sílẹ̀. Ìwé yẹn ni wọn yóò gbé síwájú ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó dáwó lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí wọ́n sì rántí pé ìṣirò oṣù ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ń tètè dé lọ́dọọdún. Ojúde Ọba wáyé ní June 18 lọ́dún 2024, June 8 ni ti ọdún 2025. Ẹni tó bá ń fi déètì èṣí múra ìdáwó yóò rí i pé àlejò ti dé kí owó tó pé.