Ṣé O Mọ̀? Ìlú Tó Wà Lábẹ́ Oko Àgbọn

Ṣé o mọ̀ pé oko àgbọn ló bo ìlú àtijọ́ kan mọ́lẹ̀ ní Keeladi, abúlé kan nítòsí Madurai ní Tamil Nadu, gúúsù Íńdíà? Àgbọn náà ló sì kó o yọ, torí kò jẹ́ kí wọ́n kọ́lé lé e lórí.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ iléèwé ti rí nǹkan níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1970? Olùkọ́ wọn kó o pamọ́, ó sì fi tó ìjọba létí. Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún kí awalẹ̀pìtàn Amarnath Ramakrishna àti ikọ̀ rẹ̀ tó dé. Wọ́n ti kọ́kọ́ tọ etí odò Vaigai, wọ́n sàmì sí ibi 293, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Keeladi ní 2015.

Kànga àwọn ará ìlú àtijọ́ náà ńkọ́? Òrùka amọ̀ sísun ńláńlá ni wọ́n ń tò léra wọn wọnú ilẹ̀, kí etí kànga má baà ya. Ilé bíríkì wà, páìpù amọ̀ tí omi ń gbà sì wà pẹ̀lú.

Àmọ́ àpáàdì ló wú mi lórí jù. Ṣé o mọ̀ pé nínú iṣẹ́ ọdún 2018 nìkan, 56 ni wọ́n rí tí wọ́n fi lẹ́tà Tamil àtijọ́ họ nǹkan sí lára? Orúkọ ènìyàn wà nínú wọn: Aathan, Kuviran. Ọba kọ́ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta o! Ìkòkò ilé ni, ọwọ́ tó kọ ọ́ sì yàtọ̀ síra. Ta ló mọ̀ bóyá ẹnì kan ò fẹ́ kí aládùúgbò gbé ìkòkò òun lọ ni? Wúrà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi àpáàdì wọ̀nyẹn pààrọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ń ta tẹ́tẹ́: dáìsì eyín erin wà níbẹ̀. Wọ́n ń ranwú, torí ọmọ amọ̀ tí à ń ki sí ìdí igi ìrànwú pọ̀ níbẹ̀. Ní Kondagai tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, inú ìkòkò ńlá ni wọ́n ń sin òkú sí.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ orí ìlú yìí ti dá awuyewuye sílẹ̀? Èédú tí wọ́n wú ní sẹ̀ńtímítà 353 sínú ilẹ̀, tí wọ́n yẹ̀ wò ní Florida, Amẹ́ríkà, fi ọdún 580 ṣáájú ìbí Kristi hàn. Ramakrishna fi ìròyìn olójú-ewé 982 ránṣẹ́ sí àjọ awalẹ̀pìtàn ìjọba àpapọ̀ ní 2023. Ní 2025 wọ́n dá a padà pé kó tún àwọn ọdún inú rẹ̀ ṣe. Ó ní òun ò yí i.

Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan Madurai, béèrè ọ̀nà Keeladi. Ìjọba Tamil Nadu ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2023.