ỌMỌBÌNRIN TÍ Ó GBÉ JU ÀPÒ ÌRẸSÌ MÉJÌ LỌ

Ẹ̀yin ará wa ní Minna, kí a tó kan ìròyìn ìsọmọlórúkọ àti ti ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ìyá kan tí ń ta ẹlùbọ́ ní Ọjà Kure gbé wá síwájú wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 14, fẹ́ kọ́ irin gbígbé fún ìdíje. Àwọn aládùúgbò ní ọmọ náà kò ní ga mọ́, wọ́n tún ní iṣẹ́ alárù ni. Kí ni kí òun ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ti ṣe é. Ní Birmingham, ní ọdún 2022, Adijat Ọlárìnóyè gba góòlù fún Nàìjíríà nínú ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, láàárín àwọn tí ara wọn kò ju kílò 55 lọ. Ó fa kílò 92 sókè orí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀nà kejì, èyí tí a ń gbé dé èjìká kí a tó tì í sókè, ó gbé 111. Àpò ìrẹsì ńlá kan jẹ́ kílò 50. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín! Rafiatu Fọláṣadé Lawal náà gba góòlù níbẹ̀, ní ẹgbẹ́ kílò 59, àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 206.

Okun nìkan kọ́ o. Bí alárù méjì bá gbé irú àpò kan náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fi ìdajì àkókò èkejì ṣe é, okun tirẹ̀ yára ní ìlọ́po méjì. Okun tí ó yára yìí ni àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ń wọ̀n lára àwọn agbérin, nítorí irin tí a fà sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò ní ga tó kí ènìyàn ráyè bẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà wọn bí àwọn agbérin wọn ti ń fò sókè láti ojú kan, wọ́n sì fi ìwọ̀n ara kún ìṣirò. Àwọn tí okun fífò wọn pọ̀ ni ó sábà ń gbé irin tí ó wúwo jù. Ẹfun àti ògiri ti tó láti fi wo bí ọmọ ti ń fò sí, kò gba owó.

Ní ti gíga, àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti là á yé wa pé bí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ bá dúró tì í, irú ẹ̀kọ́ yìí kì í dá ìdàgbàsókè ọmọ dúró. Alárù ni a kò kọ́ ní ohunkóhun, tí ó ń tẹ ẹ̀yìn gbé ẹrù tí ó jìnnà sí ara, tí ẹ̀yìn sì ń dùn ún lálẹ́.

A ní kí ìyá náà lọ wo olùkọ́ ọ̀hún kí ó tó fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ igi lásán ni ó kọ́kọ́ ń fún àwọn ọmọ gbé, a jẹ́ pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìyá ní òun yóò lọ lọ́jọ́ Sátidé, bí òun bá ti kó àtẹ nílẹ̀.