Lọ́fínńdà Obìnrin Olódòdó

Nínú ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Wales tí wọ́n kó sínú ìwé Mabinogion, ìyá Lleu gégùn-ún fún un pé kò ní fi ọmọ aráyé ṣaya láéláé. Onídán méjì, Math àti Gwydion, bá kó òdòdó igi óákù, ti broom àti ti meadowsweet jọ, wọ́n fi mọ arẹwà kan fún un: Blodeuwedd. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ yan ẹlòmíràn, tó sì bá a dìtẹ̀ láti pa ọkọ, Gwydion sọ ọ́ di òwìwí.

Báwo ni a ṣe ń fi irú ìtàn yìí po lọ́fínńdà? Meadowsweet tí a rẹ sínú ọtí líle a máa mú òórùn oyin àti álímọ́ńdì wá. Broom a máa ta sánsán bí oyin àti koríko gbígbẹ. Òórùn òdòdó óákù kò tó nǹkan, nítorí náà oakmoss, ohun tín-ín-rín tó máa ń hù sára èèpo igi náà, ni a lè fi rọ́pò rẹ̀. Òórùn ilẹ̀ igbó tútù ló ní. Ó sì lè mú kí ara yún àwọn kan, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ní apá.

Síbẹ̀, òkùnkùn oakmoss yẹn ṣe pàtàkì. Òdòdó nìkan ni àwọn onídán rí. Lọ́fínńdà tó bá máa sọ òótọ́ gbọ́dọ̀ rántí òwìwí.