Mókà: Bọ́ílà Kékeré Orí Gáàsì

Ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ilo-Awela àti Sàńgó-Ọ̀tà mọ iṣẹ́ bọ́ílà: omi ń gbóná nínú irin tó dé pinpin, ooru ń wá ibi tí yóò gbà jáde, agbára rẹ̀ la sì ń lò. Ọmọ ìyá bọ́ílà ni mókà, ìkòkò kọfí orí gáàsì tí Alfonso Bialetti gbé jáde ní Ítálì ní 1933.

Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Omi wà nísàlẹ̀. Láàárín ni asẹ́ tó dà bí àrọ wà, kọfí lílọ̀ là ń dà sínú rẹ̀. Ìdí àrọ náà gùn wọnú omi, ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀. Òkè ni kọfí ń ṣàn sí.

Bí iná bá ti mú ìkòkò náà, afẹ́fẹ́ àti ooru tó há sórí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, wọ́n á máa ti omi mọ́lẹ̀. Omi ò ríbi sá sí àfi ìdí àrọ. Ló bá gòkè, ó gba inú kọfí kọjá, ó kó adùn rẹ̀ dání. Agbára yìí kò pọ̀: lórí òṣùwọ̀n báà, 1 sí 2 ni, nígbà tí ẹ̀rọ kọfí espresso ń lo bíi 9. Nítorí náà, ẹ má ki kọfí mọ́lẹ̀ nínú asẹ́. Ẹ kàn tẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí omi bo fáàfù ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Bí asẹ́ bá dí, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde kí ìkòkò má baà bú.

Àwọn ará wa ní Ìyámoyè, ní ilẹ̀ Ìjùmú ní Kogí, ń gbin kọfí robusta. Ó korò látilẹ̀wá, iná líle á sì tún jó o. Bí ẹ bá lò ó nínú mókà, iná wẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi sè é.

Nígbà tí mo bá ti iṣẹ́ òru dé, mo máa ń ṣí ìdérí mókà kí n lè wò ó. Kọfí á kọ́kọ́ yọ dúdú, á máa ṣàn jẹ́jẹ́. Bó bá yá, á pọ́n bí oyin, ìkòkò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún pọ́kọ́pọ́kọ́: omi ti lọ sílẹ̀ ju ìdí àrọ lọ, ooru lásán ló ń gòkè. Ẹ pa gáàsì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ìdí ìkòkò. Èyí tó ti dókè nígbà yẹn ló dùn jù.